Ẹ̀yin tó ń lọ sí Ṣáínà, ẹ mọ ohun tí oúnjẹ wọn ń sọ kí ẹ tó jẹ ẹ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń lọ sí Ṣáínà lọ́dọọdún. Àwọn oníṣòwò ń lọ rajà ní Guangzhou àti Yiwu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kàwé, àwọn mìíràn sì kàn fẹ́ fojú rí ilẹ̀ náà ni. Bí wọ́n bá padà délé, ìbéèrè tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: "Kí lẹ rí jẹ níbẹ̀?"

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò ni pé àkeekèé àti kòkòrò orí igi ni wọ́n ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí ná. Àkeekèé yíyan tí ẹ ń rí nínú fídíò, àlejò ni wọ́n sábà máa ń tà á fún. Donghuamen, ọjà alẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Beijing, ti kógbá sílé láti ọdún 2016. Ohun tí ará Ṣáínà ń jẹ lójoojúmọ́ kò ṣàjèjì sí wa rárá: ìrẹsì, fúláwà, ẹ̀fọ́, ẹja, adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wàrà sóyà.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé oúnjẹ ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń sọ lè ṣẹ onílé láìmọ̀, ó lè jẹ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀, ó sì lè pàdánù oníbàárà tó ti fẹ́ fọkàn tán an. Nínú àlàyé yìí, a ó sọ ohun tí àsè àti ìpanu wọn túmọ̀ sí, ibi tí ẹ ti lè rí wọn, bí wọ́n ṣe ń jókòó sídìí tábìlì, àti ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi oúnjẹ ṣàdúrà?

Èdè Ṣáínà, èdè olóhùn ni, bíi tiwa. Bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní etí Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ṣe ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lọ́dọ̀ wọn. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin, èdè ìjọba wọn, ní. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló jọra létí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí àdúrà fà yọ.

Ẹ rántí ìsọmọlórúkọ nílé wa. Orógbó là ń fi ṣàdúrà pé kí ọmọ gbó. Obì là ń fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ibi bì sẹ́yìn. Kì í ṣe pé orógbó dùn lẹ́nu la ṣe ń gbé e síbẹ̀, ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ mọ̀ pé ó korò. Orúkọ rẹ̀ la fẹ́. Irú èrò yìí gan-an ló wà nídìí oúnjẹ ọdún ní Ṣáínà.

Ẹja ni wọ́n ń pè ní yu. Yu mìíràn tún wà, ohùn kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àjẹṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi máa ń wà lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún tuntun: àdúrà ni pé lọ́dọọdún kí ilé ní àjẹṣẹ́kù. Ilé mìíràn kì í jẹ ẹja náà tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá wá jẹ ẹ́ títí dé egungun, ẹ ò ṣe ibi kankan o, àmọ́ ẹ ti jẹ àdúrà onílé mọ́ ọn.

Bákan náà ni nọ́ńbà. Ẹ́jọ, ìyẹn ba, fẹ́ jọ fa tó túmọ̀ sí kí ènìyàn là. Ẹ́rin, ìyẹn si, ohùn nìkan ló fi yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ikú. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ràn àwo oúnjẹ mẹ́jọ níbi àsè, ilé gíga mìíràn ò sì ní kọ nọ́ńbà kẹrin sára àjà rẹ̀ rárá.

Bí ọmọ tuntun bá pé oṣù kan, wọ́n máa ń se ẹyin, wọ́n á pa á láró pupa, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́. Bí ẹnìkan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, pàápàá àgbàlagbà, wọ́n á se núdùsì gígùn fún un. Gígùn rẹ̀ ni gígùn ẹ̀mí, torí náà ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má sì já a sí wẹ́wẹ́ nínú àwo. Ẹ rọra fà á sẹ́nu. Bó bá tiẹ̀ ń dún lẹ́nu yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Àsè mẹ́rin tí ẹ lè bá pàdé

Kàlẹ́ńdà òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún ìbílẹ̀ wọn, ìdí nìyí tí ọjọ́ wọn fi ń yí lórí kàlẹ́ńdà tiwa.

Èkíní ni ọdún tuntun, tí wọ́n ń pè ní Chunjie. Àárín 21 oṣù kìíní sí 20 oṣù kejì ló máa ń bọ́ sí. Lọ́dún 2026, ó bọ́ sí 17 oṣù kejì. Lọ́dún 2027, 6 oṣù kejì ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ọdún yìí sínú àkójọ àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Oúnjẹ tó ṣe pàtàkì jù ni ti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi á ti sáré wálé bá àwọn òbí rẹ̀ jẹun.

Ní àríwá, jiaozi ni oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Fúláwà ni wọ́n á pò, wọ́n á nà án pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ẹran lílọ̀ àti ẹ̀fọ́ sí i nínú, wọ́n á sì ká a pa dé. Ó máa ń rí bíi wúrà àti fàdákà tí wọ́n ń ná láyé àtijọ́, ìyẹn ni pé owó ni wọ́n ń jẹ. Gbogbo ilé ló máa ń jókòó ṣe é pọ̀. Àwọn mìíràn á fi owó ẹyọ kan pamọ́ sínú ọ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá bọ́ sí lẹ́nu ni oríire ọdún náà bá. Ẹ rọra máa jẹ ẹ́ kí eyín yín má bàa kán!

Ní gúúsù, niangao ló pọ̀ jù, ìyẹn àkàrà ìrẹsì tó ń fà. Gao ni àkàrà, gao náà ló tún túmọ̀ sí gíga. Àdúrà rẹ̀ ni pé kí ọdún yìí ga ju èyí tó kọjá lọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún tuntun ni ọdún àtùpà. Tangyuan ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà: ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń fà, tí wọ́n yí ribiti, tí wọ́n fi yanmọtí dúdú àti ṣúgà sí nínú, tí wọ́n sì sè nínú omi gbígbóná. Ìró orúkọ rẹ̀ fara jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí ẹbí pé jọ. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó bù ú jẹ, inú rẹ̀ máa ń gbóná ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lásìkò Chunjie, ilé iṣẹ́ ń tì pa, òṣìṣẹ́ á ti gba abúlé lọ, ọjà osunwọ̀n náà á palọ́lọ́. Àwọn mìíràn ò ní ṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ rajà lásìkò yẹn, owó hòtẹ́ẹ̀lì ló máa san. Bí ẹ bá ní ọjà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kó wá, ẹ bá wọn parí rẹ̀ kí oṣù kìíní tó dé.

Àsè kejì ni ti ọkọ̀ dírágónì, tí wọ́n ń pè ní Duanwu. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún wọn ni. Lọ́dún 2026, 19 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Zongzi ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé, kò ní bẹ̀rù zongzi. Ìrẹsì tó ń fà ni, tí wọ́n fi ewé ọparun tàbí ewé esùsú dì ní igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n fi okùn so, tí wọ́n sì sè fún wákàtí púpọ̀. Ní àríwá, ohun dídùn ni wọ́n sábà ń fi sí i nínú. Ní gúúsù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ ló wọ́pọ̀. Ìlú Jiaxing, tí kò jìnnà sí Shanghai, ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù fún zongzi ẹlẹ́ran.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni ti Qu Yuan, akéwì àti olóyè ìjọba Chu, tó kó sínú odò Miluo ní nǹkan bí ọdún 278 kí wọ́n tó bí Jésù, nígbà tí ọ̀tá gba olú ìlú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ìlú tukọ̀ láti wá òkú rẹ̀, wọ́n sì ń ju ìrẹsì sódò kí ẹja má bàa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ní ìdíje ọkọ̀ dírágónì àti zongzi ti wá. Ọdún yìí náà wọ inú àkójọ UNESCO, ní 2009. Ẹ ṣáà má jẹ ewé rẹ̀. Ẹ tú u bí ẹ ṣe ń tú ẹ̀kọ.

Ẹ̀kẹta ni àsè òṣùpá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ wọn, nígbà tí òṣùpá bá kún. Lọ́dún 2026, 25 oṣù kẹsàn-án ni. Àkàrà òṣùpá, yuebing, ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ ní Guangdong, èso òṣíbàtà tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú ṣúgà àti òróró ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ láàárín, pupa ẹyin náà á sì rí roboto bí òṣùpá. Ó wúwo nínú, ó sì dùn gan-an. Ènìyàn kan kì í dá odidi rẹ̀ jẹ. Wọ́n á gé e sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, wọ́n á pín in, wọ́n á sì máa fi tíì tí kò ní ṣúgà sìn ín. Bí oníbàárà yín bá fi páálí àkàrà òṣùpá ta yín lọ́rẹ, ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹ̀kẹrin ni Dongzhi, ọjọ́ tí alẹ́ gùn jù lọ́dún, tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí 21 tàbí 22 oṣù Kejìlá. Àwọn ará àríwá á jẹ jiaozi, àwọn ará gúúsù á jẹ tangyuan. Kò pariwo bíi ti ọdún tuntun, àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ò sí nílé fún Kérésì, alẹ́ yìí lè jẹ́ ìgbà tí ọ̀rẹ́ máa pè yín wá jẹun nílé òbí rẹ̀.

Ìpanu ojú títì láti àárọ̀ dalẹ́

Láàárọ̀ kùtù, ẹ wá ibi tí èéfín ti ń jáde. Ẹ máa rí baozi, ìyẹn búrẹ́dì funfun tí wọ́n fi ooru omi sè, tí ẹran tàbí ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ni mantou. Ẹ tún máa rí youtiao, fúláwà gígùn tí wọ́n dín nínú òróró. Ọmọ ìyá púfpúùf ni, àmọ́ kò ní ṣúgà, inú rẹ̀ sì ṣófo. Wàrà sóyà gbígbóná ni wọ́n fi ń mu ún, bí àwa náà ṣe ń fi àkàrà mu ògì.

Ní Wuhan, núdùsì tí wọ́n fi yanmọtí lílọ̀ rò, tí kò lómi ọbẹ̀, ni oúnjẹ àárọ̀ wọn. Reganmian ló ń jẹ́. Ní Tianjin àti agbègbè rẹ̀, jianbing ni: wọ́n á da fúláwà ṣíṣàn sórí irin gbígbóná, wọ́n á fọ́ ẹyin sí i, wọ́n á fi àlùbọ́sà eléwé àti ata sí i, wọ́n á ká a, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà.

Ní Beijing nígbà òtútù, ẹ ó rí tanghulu, èso pupa kíkan tí wọ́n to sórí igi, tí wọ́n rì bọnú ṣúgà yíyọ́ títí tó fi le bíi gíláàsì. Beijing náà ló ni pẹ́pẹ́yẹ yíyan. Ilé oúnjẹ Quanjude ti ń yan án láti ọdún 1864. Wọ́n á gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú yín, ẹ ó fi fúláwà pẹlẹbẹ wé e pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé àti ọbẹ̀ dídùn.

Ní Xi'an, roujiamo ni ọba ojú títì: búrẹ́dì ribiti tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n rọ ẹran jíjinná sí nínú. Ẹ fetí sí èyí: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Àmọ́ ní àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ìlú náà, ẹran màlúù tàbí ti àgùntàn ni. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí paomo. Wọ́n á fún yín ní búrẹ́dì líle àti abọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa já a sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wá gbé e padà lọ bu omi ẹran àgùntàn lé e lórí. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe máa dùn tó. Wọn kì í kánjú jẹ ẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ ń já búrẹ́dì ni ẹnu ń sọ̀rọ̀.

Ní Changsha, imú yín á kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Wàrà sóyà tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan títí tó fi ń rùn, tí wọ́n wá dín, ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Chou doufu ni, ìyẹn wàrà sóyà olóòórùn. Ẹni tó dàgbà sídìí irú kò gbọdọ̀ sá. Bí irú ṣe ń rùn tó sì ń mú ọbẹ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ jẹ ẹ́ gbígbóná pẹ̀lú ata.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ata, Chengdu àti Chongqing ni ilé yín. Àmọ́ ẹ má fọ́nnu o. Yàtọ̀ sí ata pupa, wọ́n ń lo èso kékeré kan, huajiao, tí kì í ta lẹ́nu bí ata. Ńṣe ló máa ń mú ètè àti ahọ́n kú tipiri. Ẹ lè rò pé nǹkan ti ṣe yín. Kò sí nǹkan, á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ata pupa fúnra rẹ̀, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ibẹ̀ náà sì ni tiwa ti wá.

Ní Guangzhou, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa wà, tíì àárọ̀ ni àṣà ńlá wọn. Yum cha ni wọ́n ń pè é lédè Cantonese, ìyẹn "mu tíì". Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, oúnjẹ ni. Abọ́ kéékèèké tí wọ́n fi ọparun hun á máa dé: edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun tó mọ́lẹ̀ kedere dì, tí wọ́n ń pè ní har gow, ìyẹ̀fun ìrẹsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ẹran tàbí edé sí nínú, ẹsẹ̀ adìyẹ, àti ẹyin dídùn inú àkàrà kékeré. Àwọn àgbàlagbà lè jókòó sídìí rẹ̀ fún wákàtí méjì, kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn.

Bí ẹnìkan bá bu tíì fún yín níbẹ̀, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ìyẹn ni "ẹ ṣeun". Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ọba Qianlong para dà bí ará ìlú, ó sì bu tíì fún ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìránṣẹ́ ò lè kúnlẹ̀ kí àṣírí ọba má bàa tú, ló bá tẹ ìka rẹ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì. Ìka ló bá a kúnlẹ̀. Bí tíì bá tán nínú ìkòkò yín, ẹ kàn ṣí ọmọrí rẹ̀ díẹ̀, olùtọ́jú á ti mọ̀.

Bí wọ́n bá pè yín síbi àsè

Tábìlì ribiti ni, pẹ̀lú pákó gíláàsì tó ń yí láàárín. Ẹ má sáré jókòó. Ìjókòó tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ti ẹni tó ga jù níbẹ̀ ni. Ẹ dúró kí wọ́n fi tiyín hàn yín. Ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ mú nǹkan jẹ, èyí ò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Oúnjẹ tútù ló máa ń ṣáájú, gbígbóná á tẹ̀lé e, ìrẹsì tàbí núdùsì sì sábà máa ń gbẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ má bèèrè pé "ìrẹsì dà?" nígbà tí àsè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì yó lórí àwo mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí èso gígé, àsè ti ń parí nìyẹn.

Igi ìjẹun méjì tí wọ́n ń lò, kuaizi, ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ má gún un ní òòró sínú ìrẹsì, torí bí wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú nìyẹn. Ẹ má fi lu abọ́, alágbe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi nàka sí ènìyàn. Bó bá ṣòro fún yín láti lò, ẹ bèèrè ṣíbí, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Wọ́n sábà máa ń kọ orí ẹja sí àlejò pàtàkì. Bí ó bá kọjú sí yín, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tán, ẹ má yí ẹja náà padà, pàápàá ní etí òkun. Àwọn apẹja gbà pé ẹni tó bá yí ẹja padà ń yí ọkọ̀ dànù. Wọ́n á yọ egungun àárín, wọ́n á sì jẹ ti abẹ́.

Onílé á máa bu oúnjẹ sínú abọ́ yín láìsinmi. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó lè rò pé ẹ ò tíì yó, kó tún bu òmíràn. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú abọ́ tiyín. Síbẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yanturu nílé oúnjẹ kí ẹ wá fi sílẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin wà ní Ṣáínà tó lòdì sí fífi oúnjẹ ṣòfò, ilé oúnjẹ sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ẹ sọ pé dabao, wọ́n á dì í fún yín gbé lọ.

Ọtí, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀pà: ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra

Baijiu ni ọtí àsè wọn. Ọkà bàbà ni wọ́n sábà ń fi ṣe é, agbára rẹ̀ sì máa ń tó ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kà á mọ́ ògógóró. Bí ẹnìkan bá ní ganbei, ó ní kí ẹ gbé e mì tán ni. Bí ẹ bá ń kan ife pọ̀ pẹ̀lú àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹnu ife tiyín rẹlẹ̀ sí tirẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ẹ mu ún? Rárá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n mọ̀ dáadáa, yi cha dai jiu, ìyẹn ni pé "mo fi tíì dípò ọtí". Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi tíì dìde kí wọn. Ẹni tó bá mu ife mẹ́ta kó tó sọ pé òun kì í mutí ló máa níṣòro.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin mìíràn tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó. Bí ìwé oúnjẹ bá kàn kọ "rou", ìyẹn "ẹran", láìsọ irú ẹran tó jẹ́, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tún lè wà nínú ẹ̀fọ́ díndín tàbí nínú ọbẹ̀ núdùsì tí ẹ ò ti rí ẹran kankan. Omi ọbẹ̀ inú xiaolongbao tí Shanghai ń fi yangàn, awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sè títí tó fi dì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é.

Àmì tí ẹ máa wá ni qingzhen, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́: 清真. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé oúnjẹ náà jẹ́ halal. Àwọn Hui, ọ̀kan lára ẹ̀yà Mùsùlùmí mẹ́wàá tí ìjọba Ṣáínà kà, ló ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó rọrùn jù láti rí ni ilé núdùsì ẹran màlúù ti Lanzhou, tó wà káàkiri ìlú ńlá. Ojú yín báyìí ni wọ́n á ti fi ọwọ́ na fúláwà títí tó fi di okùn tín-ín-rín. Síbẹ̀, ẹ wo àmì náà kí ẹ tó wọlé, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ Lanzhou sí iwájú ilé ló jẹ́ Mùsùlùmí. Ní Guangzhou, àdúgbò Xiaobei ni ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ti ń jẹun, ẹ sì lè rí oúnjẹ ilé níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀pà ò bá lára mu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ. Òróró ẹ̀pà wọ́pọ̀ ní ilé ìdáná wọn, wọ́n sì ń wọ́n ẹ̀pà lílọ̀ sórí oúnjẹ púpọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu nìkan, torí bí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ẹ kọ àwọn gbólóhùn yìí sínú fóònù yín, kí ẹ fi han ẹni tó ń dáná:

我不吃猪肉 – N kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀.
我对花生过敏 – Ẹ̀pà kò bá mi lára mu.
不要辣 – Ẹ má fi ata sí i.

Ohun mẹ́ta tó kù kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú

Àkọ́kọ́, owó. Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó ní Ṣáínà, títí kan ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta baozi. WeChat àti Alipay ni wọ́n ń lò. Láti ọdún 2023, àlejò náà lè so káàdì báǹkì ilẹ̀ òkèèrè mọ́ wọn. Ẹ ṣètò rẹ̀ láti ilé, kí ẹ sì tún mú owó yuan díẹ̀ dání.

Ìkejì, omi. Ẹ má mu omi ẹ̀rọ. Omi gbígbóná ni wọ́n máa ń gbé fún àlejò, ó sì wà ní ọ̀fẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú àti ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ mú ife tó lọ́mọrí dání.

Ìkẹta, àkókò. Bí ọjà lẹ bá wá, ìpàtẹ Canton Fair ní Guangzhou, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957, máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún, àti láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá. Bí àsè lẹ bá wá ní tiyín, àfi kí ẹ ní ọ̀rẹ́ tó máa pè yín sílé lásìkò Chunjie, torí ilé ni oúnjẹ tó dára jù máa ń wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ mú èso lọ, ọsàn ló dára jù. Ẹ má mú aago ògiri, torí "fún ènìyàn ní aago" àti "sin òkú ènìyàn", bákan náà ló ń dún létí wọn.

Bí ẹ bá ti lọ sí Ṣáínà rí, tí oúnjẹ kan wà tí a ò dárúkọ, tàbí tí ẹ mọ ilé oúnjẹ halal tó dára ní ìlú kan, ẹ pè wá lórí ètò wa kí ẹ sọ ọ́ fáwọn olùgbọ́ yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ báyìí, àlọbọ̀ ni tiyín o.